Bí Ìlú Kékeré Ṣe Lè Rí Owó Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà Gbà Láti Fi Dáàbò Bo Kọ̀ǹpútà Rẹ̀

Ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú Baltimore rí i pé fáìlì ò ṣí mọ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Àwọn ọ̀daràn ti fi ransomware kan tó ń jẹ́ RobbinHood ti gbogbo rẹ̀ pa, wọ́n ní kí ìlú san bitcoin 13, nǹkan bíi $76,000 nígbà náà. Ìlú kọ̀, kò san kọ́bọ̀. Ìmeèlì dákẹ́, ètò sísan owó omi dojú rú, ẹni tó fẹ́ ra ilé àti ẹni tó fẹ́ tà á ń wo ara wọn lójú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ torí pé ìwé ò lè kọjá. Nígbà tí wọ́n ṣírò àdánù àti owó àtúnṣe pọ̀, ó tó $18 mílíọ̀nù.

Ìlú ńlá ni Baltimore, ó ní ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, irú ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ kọlu ìjọba ìbílẹ̀ tó lé ní 20 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Texas, ìlú kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Borger, ìlú ò lè fún aráàlú ní ìwé ẹ̀rí ìbí tàbí ti ikú. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ọ̀daràn náà gbà wọlé.

Irú ọṣẹ́ báyìí ló mú kí àwọn aṣòfin àpapọ̀ fi owó kan sínú òfin ńlá ti ọ̀nà, afárá àti íntánẹ́ẹ̀tì tí Ààrẹ Joe Biden buwọ́ lù ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2021. Bílíọ̀nù kan dọ́là ni, wọ́n pín in sí ọdún mẹ́rin: $200 mílíọ̀nù fún 2022, $400 mílíọ̀nù fún 2023, $300 mílíọ̀nù fún 2024, $100 mílíọ̀nù fún 2025. Orúkọ ètò náà ni State and Local Cybersecurity Grant Program, SLCGP ni àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é. Ilé-iṣẹ́ méjì lábẹ́ Homeland Security, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń bójú tó o. CISA ló ń wo ọ̀rọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, FEMA ló di àpò owó mú.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ IT, tó ń ṣe akápò tàbí akọ̀wé ní county, ní ìlú, ní ilé-iṣẹ́ omi tàbí ní ọ́fíìsì àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Maryland, Texas, Georgia àti ibòmíràn. Mo kọ ọ́ fún àwọn tó jókòó sínú ìgbìmọ̀ ìlú pẹ̀lú, tí wọ́n ń gbọ́ pé "owó wà" ṣùgbọ́n tí wọn ò mọ ẹnu ọ̀nà. Ó dùn mí púpọ̀ pé ìlú tí owó yìí tọ́ sí jù ni kì í rí i gbà, nígbà tí ìlú tó ti ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ní ẹ̀ka IT máa ń gbé ìwé tirẹ̀ wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ẹ mọ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn

Ìlú kò lè kọ̀wé sí FEMA. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni FEMA ń bá sọ̀rọ̀, State Administrative Agency ni wọ́n ń pè é, SAA ní kúkúrú. Ní ìpínlẹ̀ kan, ẹ̀ka tó ń mójú tó ìjàǹbá pàjáwìrì ni. Ní òmíràn, ọ́fíìsì gómìnà tàbí ẹ̀ka ààbò ni. Iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ èwo ni tiyín, kí ẹ fi orúkọ ìlú yín sínú àwọn tí wọ́n ń fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí nígbàkigbà tí ìwé ìpè fún owó náà bá jáde. Àkókò tí ìpínlẹ̀ máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìlú kì í gùn. Ẹni tó bá gbọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ti pẹ́ jù.

Ìpínlẹ̀ náà kò lè jókòó lórí owó. Òfin sọ pé ó kéré tán, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, kí ìdá 25 nínú gbogbo owó náà sì lọ sí ìgbèríko. Láàárín ọjọ́ 45 tí owó bá dé ọwọ́ rẹ̀, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pín in síwájú. Kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 5 lọ bójú tó ìwé àti ọ́fíìsì. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sọ́kàn, torí wọ́n wúlò nígbà tí ẹnì kan ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ bá ń sọ fún yín pé owó ò kárí.

Kí ìpínlẹ̀ tó gba owó, ó gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ àti ètò kan tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ó kéré tán, ìdajì àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ IT tàbí ààbò kọ̀ǹpútà rí, kí aṣojú county, ìlú, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ètò ìlera sì wà níbẹ̀. Ẹ wá orúkọ wọn. Ẹ wo ẹni tó ń ṣojú irú ìlú tiyín, ẹ kọ ìmeèlì sí i. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Nípa ti àkókò: òfin 2021 kò dá owó sílẹ̀ kọjá 2025. Ṣùgbọ́n oṣù 48 ni wọ́n fún ìpínlẹ̀ láti ná owó ọdún 2022 àti ti 2023, nítorí náà ẹ má sọ pé ọjà ti tú kí ẹ tó béèrè. Owó tí ìlú kan gbà tí kò rí ná máa ń padà sí ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ a sì wá ìlú mìíràn tó ti múra tán. Àwọn ìgbésẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ yìí, irú kan náà ni wọ́n béèrè fún owó ìjọba mìíràn tó bá tún jáde.

Ta ni owó náà tọ́ sí?

County, ìlú, township, agbègbè ilé ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́ omi tí ìjọba ìbílẹ̀ ní, gbogbo wọn wọ inú rẹ̀. Ìlú tí olùgbé rẹ̀ kò tó 50,000, tí ètò ìkànìyàn kò sì kà mọ́ agbègbè ìgboro ńlá, ìgbèríko ni lójú òfin yìí. Ẹ yẹ èyí wò dáadáa. Mo mọ àwọn tó rò pé ìgboro làwọn torí pé àwọn ní ilé oúnjẹ mẹ́ta àti báńkì, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ìdá 25 ti ìgbèríko. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ óò nílò nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní UEI, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni, SAM.gov, ojú òpó tí àwọn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ti ń forúkọ sílẹ̀, ló ń fúnni. Ó ti rọ́pò nọ́ńbà DUNS àtijọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2022. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìmeèlì ránṣẹ́ pé kí ẹ san owó kí òun lè bá yín gbà á, ẹ má dá a lóhùn. Ìlú tó ń gba owó lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kò nílò gbogbo ìforúkọsílẹ̀ gígùn ti SAM.gov. UEI nìkan ti tó, àmọ́ ẹ gbà á ṣáájú, torí orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá orúkọ tí òfin mọ ìlú yín sí mu.

Ẹ gba ti ọ̀fẹ́ ná

CISA ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cyber Hygiene. Wọ́n á máa wo gbogbo ohun tí ìlú yín gbé síta sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fi ìwé ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé ihò wà níbí, software yìí ti gbó, ẹ yára tún tọ̀hún ṣe. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá gba owó SLCGP gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ bó ti wù kó rí, nítorí náà kò sídìí láti dúró. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún láti ọ̀dọ̀ CISA ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí ẹ lè so mọ́ ìbéèrè yín. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ pé ihò wà. Ta ló máa jiyàn?

Wọ́n tún ń béèrè pé kí ẹ dáhùn ìbéèrè ọdọọdún kan, Nationwide Cybersecurity Review, láti fi mọ ibi tí ìlú yín dé. Kò dùn láti kà, ṣùgbọ́n kò le. Ẹ dáhùn rẹ̀ ní òótọ́. Àwọn kan máa ń fún ara wọn ní máàkì gíga kí ojú má bàa tì wọ́n, wọ́n á wá gbàgbé pé àwọn fẹ́ lọ béèrè owó pẹ̀lú ìwé kan náà.

Orúkọ .gov, orúkọ ojú òpó àti ímeèlì tí ìjọba nìkan lè gbà, náà ti di ọ̀fẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ láti ọdún 2021. Tẹ́lẹ̀, $400 ni lọ́dún. Ìlú tó ṣì ń lo .com tàbí Gmail lásán fún ìwé owó orí ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbájú-ẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè ra orúkọ tó jọ tiyín kó fi máa kọ̀wé sí aráàlú. Owó SLCGP lè san iṣẹ́ ìṣíkúrò náà, ìyẹn àkókò òṣìṣẹ́ tàbí agbaṣẹ́ṣe tó máa gbé ímeèlì àti ojú òpó yín lọ sórí orúkọ tuntun.

Ẹ ka ohun tí ẹ ní

Bí mo bá ní ọjọ́ kan péré láti bá ìlú kan ṣiṣẹ́, ibí ni màá lò ó sí. Ẹ ṣí spreadsheet kan. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ìlà kan: orúkọ rẹ̀, ibi tó wà, ẹni tó ń lò ó, ọdún tí ẹ rà á, Windows wo ló wà lórí rẹ̀, ṣé ó ṣì ń gba àtúnṣe, ṣé fáìlì orí rẹ̀ ní ẹ̀dà níbòmíràn, ìgbà wo lẹ dán ẹ̀dà náà wò kẹ́yìn.

Ẹ wọ gbogbo yàrá. Ẹ wọ ibùdó panápaná, ilé ìkàwé, ọgbà tí wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ ìlú sí, àti ilé ẹ̀rọ omi. Lábẹ́ tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ ni ẹ óò ti bá server tó ń ṣiṣẹ́ owó oṣù. Àtúnṣe fún Windows Server 2012 ti dópin láti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ti Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ fi àwọ̀ pupa kun ìlà èyíkéyìí tó bá ní irú wọn tó sì kan íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìlà pupa yẹn ló máa di ìbéèrè yín.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ ka àwọn àkáǹtì. Ẹ gba orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń san owó oṣù, kí ẹ fi wé orúkọ tó lè wọ kọ̀ǹpútà ìlú. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ìgbà ooru kan ṣoṣo ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá Amẹ́ríkà. Ní Hackney ní London, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, àwọn ọ̀daràn wọ kọ̀ǹpútà ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ọdún 2020, ó kan olùgbé tó tó 280,000, wọ́n sì ti fáìlì 440,000 pa. Nígbà tí ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo àṣírí aráàlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbáwí rẹ̀ jáde ní 2024, lára ohun tí wọ́n kà sí ìjọba ìbílẹ̀ náà lọ́rùn ni àkáǹtì kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò lágbára, tí wọn kò sì pa. Pípa irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kò nílò owó ìrànwọ́ rárá. Ẹ pa á lónìí.

Owó ni àbí iṣẹ́?

Ìpínlẹ̀ lè fún yín lówó, ó sì lè ra nǹkan kan fún gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan, kó sọ pé kí ẹ wá lò ó lọ́fẹ̀ẹ́: software tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru, ẹ̀kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ lórí ímeèlì èké, tàbí àwọn àgbà onímọ̀ tó máa wá yẹ ìlú yín wò. Òfin gbà á láàyè, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i.

Ìmọ̀ràn tèmi rèé, mi ò sì ní fi bọpo bọyọ̀: ìlú tí kò ní òṣìṣẹ́ IT kankan, tàbí tó ní ẹnì kan péré, kó gba iṣẹ́, kó fi owó sílẹ̀. Owó máa ń bá ìwé rìn. Ìròyìn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìwé ìrajà, ọ́dítọ̀, gbogbo rẹ̀ máa wà lórí akọ̀wé kan náà tó ń gba owó omi tó sì ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bí ẹ bá gba iṣẹ́, ìpínlẹ̀ ló máa ru ẹrù yẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìgbàṣẹ náà, ẹ ka ọjọ́ tí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà máa parí àti iye tó máa jẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kejì. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ óò lè mú àwọn àkọsílẹ̀ yín jáde bí ẹ bá fẹ́ yí ilé-iṣẹ́ padà. Bí ìwé náà kò bá dáhùn, ẹ béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sí i.

Bí ẹ ṣe máa kọ ìbéèrè yín

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú ìwé àwọn ìlú ni pé wọ́n ń béèrè ẹ̀rọ láìsọ ìṣòro. "A fẹ́ ra firewall tuntun, $40,000." Ẹni tó ń ka ìwé ọgọ́ọ̀rún ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ kò ní mọ ohun tó máa fi gbè yín lẹ́yìn. Ẹ sọ ihò náà ná, ẹ sọ ẹ̀rí rẹ̀, ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀daràn bá gba ibẹ̀ wọlé, kí ẹ tó dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Bí àpẹẹrẹ:

"Òṣìṣẹ́ 46 ló ń lo ímeèlì ìlú wa. Pásíwọ́ọ̀dù nìkan ni gbogbo wọn fi ń wọlé, títí kan akápò tó ń fi owó ránṣẹ́ sí báńkì. Server méjì tó ń gbé àkọsílẹ̀ owó omi ti kọjá àkókò àtúnṣe, ìwé CISA ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, tí a so mọ́ ìwé yìí, sì tọ́ka sí wọn. Ẹ̀dà fáìlì wa wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú server. Bí ransomware bá wọlé, a kò ní ohun tí a máa fi bẹ̀rẹ̀ padà, ìdílé 3,100 kò sì ní lè san owó omi. A ń béèrè owó láti fi MFA (ẹ̀rí kejì lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù) sí gbogbo ímeèlì, láti pààrọ̀ server méjèèjì, àti láti máa tọ́jú ẹ̀dà fáìlì sí ibòmíràn tí a ó máa dán wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ ìlú ti fi owó tí yóò máa gbé e lọ lẹ́yìn ọdún kejì sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì."

Ẹ kíyè sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń bẹ̀rù ìlú tó máa ra software ọdún kan, tí ọdún á yípo, tí kò ní lè san owó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ wá ètò ààbò kọ̀ǹpútà ti ìpínlẹ̀ yín, ẹ so ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń béèrè mọ́ ibi tí ó bá mu nínú rẹ̀. Nǹkan méje yìí wà lára ohun tí CISA ń fẹ́ rí nínú ètò gbogbo ìpínlẹ̀, àwọn tó ń ka ìbéèrè sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ owó: MFA, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà máa béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, títọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé àti ohun tó ṣe, fífi kóòdù bo àkọsílẹ̀ yálà ó wà lójú kan tàbí ó ń rìn, mímú ẹ̀rọ àti software tí kò gba àtúnṣe mọ́ kúrò lójú íntánẹ́ẹ̀tì, yíyí pásíwọ́ọ̀dù tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ padà, níní ẹ̀dà fáìlì tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ padà, àti kíkó lọ sórí .gov. Ìbéèrè tó bá kan mẹ́ta nínú wọn dáadáa sàn ju èyí tó to méjèèje lórí ìwé lásán.

Ìṣirò tó máa ń tú ìlú ká

Ìjọba àpapọ̀ kì í san gbogbo rẹ̀. Ìpín tí ìpínlẹ̀ àti ìlú máa dá lọ sókè lọ́dọọdún: ìdá 10 fún owó 2022, ìdá 20 fún 2023, ìdá 30 fún 2024, ìdá 40 fún 2025. Bí ìpínlẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá para pọ̀ béèrè gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe là á kalẹ̀, ó dín ìdá 10 kù lọ́dún kọ̀ọ̀kan, débi pé ti 2022 di òfo.

Ibi tí àwọn akápò ti ń ṣubú nìyí. Ìdá náà jẹ́ ti gbogbo owó iṣẹ́, kì í ṣe ti owó tí ìjọba àpapọ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé owó 2024 ni, ìjọba àpapọ̀ fún yín ní $70,000. Ẹni tó bá yára á sọ pé ìdá 30 nínú $70,000 jẹ́ $21,000. Kò rí bẹ́ẹ̀. $70,000 yẹn ni ìdá 70, nítorí náà gbogbo iṣẹ́ jẹ́ $100,000, $30,000 sì ni tiyín. Ẹ pín owó ìjọba àpapọ̀ sí 0.70, kí ẹ yọ owó ìjọba àpapọ̀ kúrò nínú ohun tó jáde. Fún ti 2023, 0.80 lẹ máa fi pín in. $9,000 tó wà láàárín $21,000 àti $30,000 yẹn, tí akápò ò fojú sí, lè mú kí ìlú dá gbogbo owó padà.

Ìpín yín kò ní láti jẹ́ owó tútù. Àkókò òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà wọ inú rẹ̀, bí ẹ bá kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Òṣìṣẹ́ tó gba $38 ní wákàtí kan, tó lo wákàtí 200 lórí fífi MFA sí ímeèlì, ti dá $7,600. Kò gbọdọ̀ jẹ́ wákàtí tí owó ìjọba àpapọ̀ mìíràn ń san, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì fún owó ìrànwọ́ méjì. Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ bi SAA yín léèrè bóyá ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń san ìpín àwọn ìlú. Ó ń ṣẹlẹ̀, wọn kì í sì í fọn fèrè sí i.

Ohun tí wọn ò ní sanwó fún

Owó ìtúsílẹ̀ fún ọ̀daràn: rárá. Owó insurance fún ìkọlù kọ̀ǹpútà: rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú nílò rẹ̀. Kíkọ́ ilé tàbí títún ilé ṣe: rárá. Wọn ò sì ní gba kí ẹ fi owó yìí rọ́pò ohun tó ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì yín tẹ́lẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá ti dìbò láti san $12,000 fún software kan lọ́dún yìí, tí owó ìrànwọ́ wá dé, ẹ kò lè yọ $12,000 náà kí ẹ fi ra ọkọ̀. Owó ọdún 2025 tún ní òfin tirẹ̀ tó ní kí wọ́n má ná an sórí iṣẹ́ MS-ISAC, àjọ tó ń ta ìpínlẹ̀ àti ìlú lólobó nípa ìkọlù kọ̀ǹpútà, èyí tí ọ̀pọ̀ ìlú ti ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ tó dá owó rẹ̀ dúró ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ẹ ka ìwé ọdún tí owó yín ti wá, ẹ má ka ti ọdún mìíràn.

Ríra nǹkan láìṣẹ̀ sófin

Ẹ má ra ohunkóhun kí ìwé àdéhùn láàárín yín àti ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí tán. Ohun tí ẹ rà ṣáájú ọjọ́ yẹn, owó yín ló lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san, kí wọ́n tó dá a padà fún yín, nítorí náà ẹ bi akápò bóyá ìlú lè mú u dúró fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ ju ẹnì kan lọ, kí ẹ tọ́jú ìwé àwọn tí ẹ kò mú pẹ̀lú. Agbaṣẹ́ṣe tó bá yín kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà kò gbọdọ̀ wá dupò láti tà á fún yín. Wọ́n sì ti fòfin de ẹ̀rọ Huawei, ZTE, Hytera, Hikvision àti Dahua. Kámẹ́rà ni ó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí, torí orúkọ mìíràn lè wà lára rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló ṣe inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí wọn níbẹ̀.

Bí ẹ bá máa lu ògiri láti fi wáyà tàbí àpótí server sí i, pàápàá nínú ilé àtijọ́, FEMA lè ní kí ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda tó dá lórí àyíká àti ilé ìtàn. EHP ni wọ́n ń pè é. Ẹ má lu ihò kankan kí èsì tó dé. Ẹni tó bá lu ògiri ṣáájú lè pàdánù owó iṣẹ́ náà pátápátá.

Ẹ rántí Texas nígbà tí ẹ bá ń mú agbaṣẹ́ṣe. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà yín lè di ọ̀nà tí ọ̀daràn máa gbà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lo MFA kí wọ́n tó wọ kọ̀ǹpútà yín, pé wọ́n gbọ́dọ̀ pè yín láàárín wákàtí 24 bí nǹkan bá ṣe wọ́n, àti pé ẹ̀dà fáìlì kan gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ wọn kò lè dé.

Ìwé, títí dé òpin

Ẹ ya fódà kan sọ́tọ̀ fún owó yìí láti ọjọ́ kìíní: lẹ́tà ìfúnnilówó, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ìgbìmọ̀ ìlú ti gbà á, ìwé iye owó, rìsíìtì, ẹ̀rí pé sọ́wédowó kọjá, ìwé wákàtí àwọn òṣìṣẹ́, fọ́tò ẹ̀rọ pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀, ìwé ọ̀sẹ̀ CISA ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wà fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn tí ẹ bá fi ìròyìn owó ìkẹyìn sílẹ̀. Ẹ fún èèyàn méjì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè ti lọ síbòmíràn kí ọ́dítọ̀ tó dé.

Bí ìpínlẹ̀ bá kọ ìbéèrè yín, ẹ fi ìmeèlì béèrè máàkì tí ẹ gbà àti ibi tí ìwé yín ti kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì máa ń sọ ọ́ bí wọ́n bá bi wọ́n. Ẹ tún ibẹ̀ kọ lọ́sẹ̀ kan náà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́kàn yín, ẹ tún spreadsheet ẹ̀rọ yẹn ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì jẹ́ kí SAA mọ̀ pé bí owó ìlú mìíràn bá ṣẹ́kù, ìwé tiyín ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú iye owó tó ṣì bá ọjà mu.